Ohun Tí Ilé Ìdáná Fi Hàn Mí Lábẹ́ Maikirosikóòpù

Sẹ́ẹ̀lì ewéko, ìyẹn yàrá kéékèèké tí ara ewéko fi kọ́, tí wọ́n yà sínú ìwé bàọ́lọ́jì àwọn ọmọ wa kò sí níbì kankan láyé. Ẹ mọ àwòrán tí mò ń sọ: àpótí onígun mẹ́rin kan, ògiri rẹ̀ nípọn, àpò omi ńlá wà láàárín, nucleus tó ń darí sẹ́ẹ̀lì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, àwọn chloroplast mélòó kan, ohun aláwọ̀ ewé tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ, yí i ká, orúkọ sì tò lọ rẹrẹ lápá ọ̀tún. Gbogbo wa la ti yà á rí. Ẹni tó bá yà á dáadáa gba máàkì. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní bàọ́lọ́jì, mo sì mọ ìwúlò àwòrán yẹn, nítorí ó kó ohun púpọ̀ jọ sójú kan. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá lọ wá a lábẹ́ maikirosikóòpù, ẹ kò ní bá a níbẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì àlùbọ́sà kò ní chloroplast kankan. Ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n kún fún sítáàṣì débi pé ekukáká lẹ fi máa rí nǹkan mìíràn nínú rẹ̀. Ti kókò ní abẹ́rẹ́ nínú. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní iṣẹ́ tó ń ṣe, iṣẹ́ yẹn ló sì fún un ní ìrísí tó ní.

Ohun tó ti wá dá mi lójú ni pé ilé ìdáná ló yẹ kí ẹ̀kọ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ọwọ́ bá ti mọ̀ ni ojú tètè ń rí. Ọmọ tó ti gé àlùbọ́sà títí omi fi dà lójú rẹ̀, tó ti bó kókò tí ọwọ́ ń yún un, tó ti bá ìyá rẹ̀ ru ẹ̀gẹ́ lọ síbi ẹ̀rọ, ọmọ yẹn ti ní ìbéèrè kó tó fojú kan lẹ́ǹsì. Èyí tó kù ni ká jẹ́ kó fúnra rẹ̀ rí ìdáhùn.

Àlùbọ́sà ni gbogbo ayé fi ń bẹ̀rẹ̀, ó sì ní ìdí. Ẹ la àlùbọ́sà, ẹ yọ ìpele kan nínú rẹ̀, kí ẹ wo ẹ̀gbẹ́ tó tẹ̀ sínú. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà níbẹ̀ tó mọ́ gaara. Bí ẹ bá fi èékánná tàbí ẹ̀mú rọra mú etí rẹ̀, yóò ṣí tẹ̀lé ọwọ́ yín. Awọ yìí kò nípọn ju sẹ́ẹ̀lì ẹyọ kan lọ, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ á gba inú rẹ̀ kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ kò sì nílò bíléèdì. Ẹ kán omi sórí síláìdì, gíláàsì gbọọrọ tí a ń gbé ohun tí a fẹ́ wò lé, ẹ tẹ́ awọ náà sínú omi yẹn kó má bàa ká kò, ẹ kán àyódíìnì díẹ̀ sí i, omi aláwọ̀ tó ń jẹ́ kí inú sẹ́ẹ̀lì hàn, kí ẹ wá fi gíláàsì pẹlẹbẹ kékeré bò ó. Bíbò yìí gba sùúrù. Etí kan gíláàsì náà ni kó kọ́kọ́ kan omi, kí ẹ wá rọra dẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá jù ú lé e lẹ́ẹ̀kan náà, afẹ́fẹ́ á há sábẹ́ rẹ̀.

Afẹ́fẹ́ tó há yìí ló ń tan àwọn ọmọ jù. Roboto ló máa ń rí, etí rẹ̀ á dúdú kirikiri, àárín rẹ̀ á mọ́lẹ̀, ó sì ń hàn ketekete ju ohun gbogbo tó yí i ká lọ. Ọmọ á kígbe pé, “Mà, mo ti rí i!” N kì í bá wọn wí. Mo máa ń ní kí wọ́n yà á bó ṣe rí gan-an, kí wọ́n wá wá ìkejì rẹ̀ tó bá a dọ́gba. Wọ́n á wá a títí, wọ́n á rí i pé ọ̀kan kéré, ọ̀kan tóbi, kò sì sí èyí tó fara ti ẹnìkejì rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti sọ fúnra wọn pé bóyá kì í ṣe èyí là ń wá. Ọmọ tó bá fi ojú ara rẹ̀ dé ibẹ̀ kò ní gbàgbé mọ́ láéláé.

Lẹ́ǹsì tó kúrú jù ni ká fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́ǹsì ojú ń sọ nǹkan di ìlọ́po 10, èyí tó kúrú jù nísàlẹ̀ ń sọ ọ́ di ìlọ́po 4, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ ìlọ́po 40. Ìyẹn ti tó láti rí gbogbo agbo ilé náà: sẹ́ẹ̀lì gbọọrọ gbọọrọ tó sùn ti ara wọn bí ẹní tí a hun, ògiri tín-ín-rín sì là wọ́n láàárín. Púpọ̀ nínú wọn gùn tó ìdá mẹ́rin mìlímítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà tí ẹ bá gùn ún dé ìlọ́po 400 ni nucleus á wá jáde dáadáa, àyódíìnì á ti fún un ní àwọ̀ ìyeyè, ẹ ó sì rí i pé ẹ̀gbẹ́ ògiri ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, nítorí àpò omi tí wọ́n ń pè ní vacuole ti gba gbogbo àárín. Chloroplast kò sí níbẹ̀, nítorí ibi ìpamọ́ oúnjẹ ni àlùbọ́sà tí a ń jẹ. Ewé rẹ̀ tó yọ sókè ló ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ.

Ẹ wá rọra yí ohun yíyí kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà. Ògiri kan á pòórá, òmíràn á yọ lábẹ́ rẹ̀. Nucleus tó ṣú tẹ́lẹ̀ á là. Ìgbà yẹn ni ọmọ máa ń mọ̀ pé sẹ́ẹ̀lì ní òkè, ó ní ìsàlẹ̀, ó sì jìn. Àwòrán tó tẹ́ pẹrẹsẹ lórí bébà kò lè sọ ìyẹn fún un.

Ní ti omi ojú, inú sẹ́ẹ̀lì yìí náà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà. Ohun méjì ló wà nínú sẹ́ẹ̀lì àlùbọ́sà tí wọn kì í gbé yàrá kan náà. Ọ̀kan jẹ́ èròjà tó ní imí ọjọ́ nínú. Ìkejì jẹ́ ẹ́ńsáímù kan, ìyẹn èròjà tó ń mú kí òmíràn tètè yí padà, tó ń jẹ́ alliinase, inú àpò omi ló wà ní tirẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí sẹ́ẹ̀lì bá wà lódindi, wọn kò ní pàdé, àlùbọ́sà tó wà nínú apẹ̀rẹ̀ kò sì ní pa ẹnikẹ́ni lẹ́kún. Ọ̀bẹ ló ń fọ́ ògiri àti àpò, tó ń da àwọn méjèèjì pọ̀, gáàsì tó sì ti ibẹ̀ jáde ló ń fò lọ sójú wa. Ìdí nìyí tí ọ̀bẹ tó mú fi ń dín ẹkún kù. Èyí tí kò mú ń tẹ sẹ́ẹ̀lì púpọ̀ fọ́ kó tó gé ohunkóhun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ ohun méjì tí sẹ́ẹ̀lì yà sọ́tọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí a ó tún bá a pàdé níbi tí ọ̀ràn ti le ju omi ojú lọ.

Robert Hooke, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò fi ohun tútù bẹ̀rẹ̀. Èèpo igi gbígbẹ tí wọ́n fi ń dí ẹnu ìgò ló gé fẹ́lẹ́ wò. Nínú ìwé tó gbé jáde ní 1665, ó ní òun ka nǹkan bí 60 yàrá kéékèèké tó tò léra wọn nínú ìdá méjìdínlógún ínǹṣì kan. Ó wá ṣírò pé bí a bá gé èèpo náà ní ínǹṣì kan níbùú, ínǹṣì kan lóròó, ínǹṣì kan ní nínípọn, yàrá inú rẹ̀ á jẹ́ 1,259,712,000. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí nítorí ìṣirò yẹn. Ẹni tó bá ti ka nǹkan mọ́ra bẹ́ẹ̀ kò kàn wò ó lásán. Ṣùgbọ́n òkú ni ohun tó rí, ògiri nìkan ló kù níbẹ̀. Àwọn tó ń gbé inú ilé ti lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ rí sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè tó ń ṣe bí alààyè, òdòdó kan wà tó wọ́pọ̀ níwájú ilé ìwé àti ọgbà ìjọba. Ewé rẹ̀ gùn, ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó, òkè rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ewé, abẹ́ rẹ̀ jẹ́ elésè àlùkò. Tradescantia spathacea ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é, àwọn olùkọ́ àgbà ṣì ń pè é ní Rhoeo. Ẹ ṣẹ́ ewé kan, kí ẹ fà á ya ní ìkọ̀rọ̀, awọ elésè àlùkò á yọ díẹ̀ létí ibi tó ti ya. Èyí kò gba àyódíìnì, nítorí omi tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì yìí ti ní àwọ̀ tirẹ̀. Láàárín àwọn elésè àlùkò náà lẹ ó ti rí àwọn ihò tóóró tí ewé fi ń mí. Sẹ́ẹ̀lì méjì ló dojú kọ ara wọn yí ihò kọ̀ọ̀kan ká, wọ́n ní chloroplast nínú, ẹ ó sì rí i kedere bí wọ́n ṣe yàtọ̀ sí àwọn aládùúgbò wọn. Àwọn méjèèjì yìí ló ń ṣí ihò náà, àwọn náà ló ń tì í. Bí omi bá kún inú wọn, wọ́n á tẹ̀ síta, ihò á là. Bí omi bá dínkù, wọ́n á rọ̀, ihò á pa dé.

Wàyí o, ẹ po iyọ̀ mọ́ omi. Ẹ kán an sí etí kan gíláàsì tó bò ó, kí ẹ fi tíṣù fa omi tó wà lábẹ́ rẹ̀ láti etí kejì. Ẹ má gbé ojú kúrò. Láìpẹ́, àwọ̀ elésè àlùkò náà á bẹ̀rẹ̀ sí í sún kúrò lára ògiri. Á máa kéré sí i, àwọ̀ rẹ̀ á máa ki sí i, títí yóò fi ká jọ. Ògiri á wà níbi tó wà, kò ní mira, àlàfo á sì wà láàárín wọn. Omi inú sẹ́ẹ̀lì ló ń jáde tọ omi oníyọ̀ lọ. Bí ẹ bá tètè fi omi tí kò níyọ̀ rọ́pò, ó á tún wú padà, á fara kan ògiri. Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù tàbí tó pẹ́ jù, kò ní padà mọ́.

N kò mọ ohun mìíràn nínú iṣẹ́ mi tó ń mú kíláàsì dákẹ́ tó èyí. Gbogbo wọn ló ti rí i pé ẹ̀fọ́ tí a bu iyọ̀ sí máa ń rọ̀, tó sì ń sun omi sínú abọ́, ṣùgbọ́n wọn kò rò ó rí pé omi náà ní ibi tó ti ń jáde. Ọmọkùnrin kan wò ó títí, ó gbé ojú sókè, ó ní, “Mà, ohun tó ṣe àgbàdo bàbá mi nìyí.” Bàbá rẹ̀ da ajílẹ̀ òyìnbó sí ìdí àgbàdo gẹ́lẹ́, òjò kò sì tètè rọ̀. Àgbàdo gbẹ nínú ilẹ̀ tí omi ṣì wà. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí: iyọ̀ inú ajílẹ̀ náà fa omi jáde lára gbòǹgbò dípò kí gbòǹgbò fa omi wọlé. Kò sí ẹni tó sọ fún ọmọ yẹn. Ó so ó pọ̀ fúnra rẹ̀, lójú mi.

Ìbátan òdòdó yìí wà nínú ìtàn sáyẹ́ǹsì náà. Ní 1831, Robert Brown, ọmọ Scotland, sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní London pé nínú sẹ́ẹ̀lì awọ àwọn òdòdó orchid, ohun kan wà tó ń hàn nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ohun náà ni nucleus. Ó rí i bákan náà nínú irun tín-ín-rín tó wà láàárín òdòdó Tradescantia kan tó bá tiwa yìí tan. Ọdún 166 ló wà láàárín Hooke àti òun. Ó yà mí lẹ́nu bí ojú ènìyàn ṣe lè wo ohun kan fún ìgbà pípẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kí ẹnì kan tó sọ pé gbogbo wọn ló ní in.

Kókò ńkọ́? Ẹni tó bá ti bó o rí kò nílò àlàyé. Ọwọ́ á máa yún, bí a kò bá sì sè é jinná, ọ̀fun á gbà á. Àwọn ìyá wa máa ń fi epo pa ọwọ́ kí wọ́n tó bó o, wọ́n sì máa ń sè é títí. Ẹ fún omi ara kókò tútù díẹ̀ sórí síláìdì, tàbí kí ẹ fi bíléèdì tuntun gé e fẹ́lẹ́. Abẹ́rẹ́ ni ẹ ó rí, òótọ́ ọ̀rọ̀: ohun tẹ́ẹ́rẹ́ tó mú lórí, tó ń tàn, tí wọ́n dì jọ ní ìdì-ìdì nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tó yàtọ̀ sí ìyókù. Calcium oxalate ni wọ́n fi ṣe. Bí ẹran tàbí kòkòrò bá jẹ ewé tàbí iṣu kókò, sẹ́ẹ̀lì yìí á bẹ́, abẹ́rẹ́ á tú jáde gún un lẹ́nu. Ewùrà náà ní wọn nínú, ìdí nìyí tí bíbó rẹ̀ fi ń yún àwọn kan lọ́wọ́. Ọmọ tí kókò ti yún rí kò ní béèrè lọ́wọ́ mi mọ́ pé kí ni sẹ́ẹ̀lì wà fún.

Ibi tí mo ń bọ̀ gan-an ni ẹ̀gẹ́.

Ẹ gé ẹ̀gẹ́ tútù fẹ́lẹ́, ẹ kán àyódíìnì sí i. Gbogbo rẹ̀ á dúdú lọ́gán, nítorí àyódíìnì máa ń sọ sítáàṣì di dúdú, ẹ ó sì ní láti po àyódíìnì yín mọ́ omi kí ẹ tó lè rí nǹkan. Àwọn hóró sítáàṣì ló kún inú sẹ́ẹ̀lì, wọ́n rí roboto, ẹ̀gbẹ́ kan lára púpọ̀ nínú wọn tẹ́ pẹrẹsẹ. Ti iṣu tóbi jù wọ́n lọ, ó sì rí gígùn díẹ̀. Ti kókò kéré débi pé lẹ́ǹsì ńlá nìkan ló lè fi í hàn. Ẹni tó bá ti wò wọ́n dáadáa lè fi hóró nìkan mọ èyí tó jẹ́ ẹ̀gẹ́ àti èyí tó jẹ́ iṣu.

Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ kò rí níbẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù. Nínú àpò omi sẹ́ẹ̀lì ẹ̀gẹ́, èròjà kan wà tó ń jẹ́ linamarin. Lára ògiri sẹ́ẹ̀lì náà, ẹ́ńsáímù kan wà tó ń jẹ́ linamarase. Wọn kò gbé yàrá kan náà. Bí ògiri àti àpò bá fọ́, wọ́n á pàdé, ohun tó máa ti ibẹ̀ jáde nígbẹ̀yìn ni hydrogen cyanide, oró tó ń pa ènìyàn. Bí ẹ̀gẹ́ ṣe ń gbèjà ara rẹ̀ lọ́wọ́ òkété àti kòkòrò nìyẹn.

Ẹ wá wo ohun tí àwọn ìyá wa ṣe sí i. Wọ́n rin ín. Rírin yẹn ni fífọ́ sẹ́ẹ̀lì, ọ̀kẹ́ àìmọye sẹ́ẹ̀lì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ da oró àti ẹ́ńsáímù rẹ̀ pọ̀, kí oró náà lè jáde tán. Wọ́n dì í sínú àpò, wọ́n gbé òkúta lé e, omi á máa jò lọ pẹ̀lú ohun tó yọ́ sínú rẹ̀. Wọ́n jẹ́ kó kan fún ọjọ́ díẹ̀. Hydrogen cyanide máa ń di gáàsì ní ìwọ̀n 26 lórí òṣùwọ̀n Celsius, oòrùn ọ̀sán wa sì ju ìyẹn lọ dáadáa. Èyí tó kù, agbada tí wọ́n fi ń yan gàrí á lé e lọ. Ẹni tó bá kó ẹ̀gẹ́ kíkorò sínú ìkòkò lódindi, tó dáná sí i, kò ní rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀, nítorí iná á pa ẹ́ńsáímù kó tó ṣiṣẹ́, linamarin púpọ̀ á sì ṣẹ́kù sínú oúnjẹ. Ti fùfú àti láfún gba ọ̀nà mìíràn: omi tí wọ́n fi rẹ ẹ́ kún fún kòkòrò àìfojúrí tó ń mú ògiri sẹ́ẹ̀lì rọ̀, títí ẹ̀gẹ́ á fi máa fọ́ lọ́wọ́.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ní àwọn ọdún 1960, Ọ̀jọ̀gbọ́n Kayọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, oníṣègùn ọpọlọ àti iṣan ní Ìbàdàn, ṣe ìwádìí nípa àìsàn kan ní agbègbè Ẹ̀pẹ́ tó ń mú kí ẹsẹ̀ ènìyàn má lè rìn gún mọ́, tó sì ń ba ojú àti etí jẹ́. Ó so ó mọ́ oró inú ẹ̀gẹ́ tí àwọn aláìsàn náà ń jẹ lójoojúmọ́ láìsí oúnjẹ aṣaralóore tó pọ̀ tó. Ibi tí wọ́n bá ti gé ìgbésẹ̀ kúrò nínú ìpèsè ẹ̀gẹ́, nítorí ìyàn tàbí nítorí ìkánjú ọjà, ara ló ń san án.

Mo ti bu ẹ̀gẹ́ rírin láti oríṣi ẹ̀rọ méjì sórí síláìdì rí. Ti ẹ̀rọ tí eyín rẹ̀ ṣì mú, hóró sítáàṣì ló ń lé kiri nínú omi, ògiri sẹ́ẹ̀lì ti ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Ti ẹ̀rọ tí eyín rẹ̀ ti jẹ, ọ̀wọ́ sẹ́ẹ̀lì ṣì so mọ́ra lódindi, hóró wọn ṣì wà nínú wọn. Ohun tó wà nínú àpò omi àwọn odindi yẹn kò tíì jáde. Láti ìgbà náà, bí mo bá dé ibi ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́, eyín ẹ̀rọ ni mo kọ́kọ́ ń wò, mo sì ti bẹ obìnrin tó ń rin ín ládùúgbò wa pé kó pààrọ̀ tirẹ̀. Ó pààrọ̀ rẹ̀.

Ògì yá ní tirẹ̀. Ẹ wo ògì tútù, ẹ ó rí hóró sítáàṣì àgbàdo, ọ̀pọ̀ wọn ní igun. Ẹ wo ẹ̀kọ tí a ti po, hóró náà ti wú, ó ti bẹ́, ẹ kò ní dá a mọ̀ mọ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ dára ju ìyẹn lọ fún àwọn ọmọ kékeré: ẹ gbé èyí tí kò tíì pọ́n àti èyí tó ti pọ́n dáadáa sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ẹ kán àyódíìnì sí méjèèjì. Èyí àkọ́kọ́ á dúdú kùjọ̀kùjọ̀, èkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní hóró kankan mọ́, nítorí sítáàṣì rẹ̀ ti di ṣúgà. Ahọ́n ti mọ̀ ọ́n ṣáájú.

Àwọn olùkọ́ tó ń ka èyí á sọ pé níbo ni ẹ̀rọ wà. Mo mọ̀. Mo ti kọ́ni níbi tí maikirosikóòpù wà nínú àpótí, tí wọ́n tì í pa kó má bàa bàjẹ́, tí àwọn ọmọ sì jáde ìwé láìrí i. Inú mi ń bàjẹ́ sí ìyẹn títí di òní. Lẹ́ǹsì tí kò sí ẹni tó fojú sí kò ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní. Àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ tó ní jígí lábẹ́ dára fún wa ju àwọn tó ń lo iná lọ, nítorí ojú fèrèsé ti tó wọn, NEPA kò kàn wọ́n. Kí ẹ ṣáà má kọ jígí náà sí oòrùn gan-an, ó lè fọ́ ojú. Bí ọmọ bá pọ̀, ẹ gbé kámẹ́rà fóònù lé lẹ́ǹsì ojú, gbogbo wọn á rí i lẹ́ẹ̀kan. Ní 2014, Manu Prakash àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Stanford gbé maikirosikóòpù kan jáde tó jẹ́ bébà tí a ká, tí wọ́n pè ní Foldscope, ó lè sọ nǹkan di ìlọ́po 140. Ìlọ́po 140 ti tó fún àlùbọ́sà, ó ti tó fún iyọ̀ àti elésè àlùkò, ó sì tó fún ẹ̀gẹ́.

Èdè tí a fi ń bi wọ́n léèrè tún ní ipa tó ń kó. Bí mo bá béèrè ní Gẹ̀ẹ́sì, ohun tó wà nínú ìwé ni wọ́n á kà fún mi. Bí mo bá ní, “Kí lo rí? Sọ ọ́ bó ṣe rí lójú rẹ,” ẹnu wọn á ṣí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti fi èyí hàn wá láti 1970, nígbà tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ohun gbogbo, títí kan sáyẹ́ǹsì, fún ọdún mẹ́fà gbáko. Ó yẹ ká ti máa ṣe é káàkiri ní báyìí.

Yíyàwòrán ni mo fi ń parí kíláàsì, mo sì le lórí rẹ̀. Pẹ́ńsù tó mú, ilà kan ṣoṣo, kò sí kíkùn, kò sí kí a wo ti ẹnìkejì. Bí o kò bá rí nucleus, má yà á. Bí ògiri bá wọ́, kó wọ́ nínú ìwé rẹ. Àwọn kan máa ń bínú, nítorí tiwọn kò jọ ti inú ìwé, wọ́n sì ń bẹ̀rù máàkì. Mo máa ń fún wọn ní máàkì náà.

Ní tẹ́ẹ̀mù tó kọjá, ọmọbìnrin kan mú ẹ̀gẹ́ méjì wá láti oko ìyá àgbà rẹ̀, ọ̀kan dídùn, ọ̀kan kíkorò. Ó ní kí n fi oró han òun. A gé méjèèjì, a wò wọ́n. Hóró roboto nìbí, hóró roboto lọ́hùn-ún. Mo sọ fún un pé linamarin yọ́ sínú omi sẹ́ẹ̀lì, kò ní àwọ̀, kò sí lẹ́ǹsì tiwa tó lè fi í hàn. Àwọn oníkẹ́mísìrì ló ní bébà kan tí wọ́n fi picrate ṣe, aláwọ̀ ìyeyè ni, bí oró náà bá fẹ́ sí i, á máa pọ́n, á máa dúdú díẹ̀díẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, ó ronú díẹ̀, ó wá ní, “Tí a bá rin ìdajì, tí a gé ìdajì ní wẹ́wẹ́, Mà, bébà èwo ló máa kọ́kọ́ pọ́n?” Mo ti bá olùkọ́ kẹ́mísìrì wa sọ̀rọ̀. Òun ló máa ṣe bébà náà, ọmọ náà sì ti ní òun lòun máa rin ẹ̀gẹ́.